Ta Ló Ń Pe Délé?

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ̀rù ń bà mí. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí yín dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́. Délé, àbíkẹ́yìn yín, wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù níbí ní Adó, kò lajú. Alùpùpù ló gbé e ṣubú nígbà tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá kí mi. Dókítà ní orí ló fi gbá ilẹ̀, pé ká máa bá a sọ̀rọ̀, bóyá ó ń gbọ́ wa.

Kí ni kí n bá a sọ? Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí ènìyàn bá dákú nílé wa, oríkì la fi ń pè é padà. Oríkì yẹn náà lẹ fi ń jí wa láràárọ̀. Ẹ ó gbé ọwọ́ lé Délé lórí, pákò á ṣì wà lẹ́nu yín, ẹ ó máa kì í lóhùn Ìjàn, ìlú wa, títí yóò fi dìde. Èmi á ti máa wo garawa omi, torí mi ò fẹ́ pẹ́ dé ilé ìwé. Mo rò pé ẹ ó máa wà níbẹ̀ láti máa kì wá ni. Ta ló ń kọ́ ohun tó ń gbọ́ lójoojúmọ́?

Ìyá Ìgbẹ́mọ̀, ẹ̀gbọ́n Màmá, ló kọ́kọ́ pè é. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ohùn Ìgbẹ́mọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, tí òun náà á sì dá ti Ìjàn padà fún yín? Ó kì í títí ohùn rẹ̀ fi há. Délé ò mira. Ìgbà náà ló yíjú sí mi.

"Uwọ ni kí o pè é," ló wí. "Ohùn ulé mi kọ́ ni bàbá yín fi í jí i."

Èmi kẹ̀, Bàbá. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Yorùbá inú ìwé ní àdúgbò Adébáyọ̀ níbí, tí mo máa ń ní kí wọ́n má pe iṣu ní usu mọ́. Mo tẹ̀ sí etí rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ jáde bí ẹ ṣe ń sọ ọ́, ìyókù ò wá. Mo fi Yorùbá tíṣà dí àlàfo rẹ̀, ó wá dà bíi pé kíláàsì ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti ránṣẹ́ sí Ìjàn, wọ́n ní àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ti tẹ̀ lé yín lọ sọ́run tán. Mo fi í sílẹ̀, mo jókòó.

Nígbà tí gbogbo wa dákẹ́ ni ètè Délé mì. Ó dáhùn bí a ṣe máa ń dá yín lóhùn láàárọ̀, ó já geere, ohùn Ìjàn tí mi ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti gba iṣẹ́ ìjọba.

"Bàbá, mo í bọ̀."

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́, ó ní ara rẹ̀ ti ń yá. Ìyá Ìgbẹ́mọ̀ ò pàtẹ́wọ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó ń wò mí. Kò sẹ́ni tó pè é nínú yàrá yẹn, Bàbá. Ta ló wá ń dá lóhùn?

Wọ́n kọ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òkú kì í pe alààyè. Mo gbà á gbọ́, mo sì ti gbàdúrà, síbẹ̀ ẹ̀yin ni mò ń kọ ìwé yìí sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ṣé àárò rẹ̀ ló ń sọ yín ni? Ìyàwó rẹ̀ lóyún. Ṣé ẹ mọ̀?

Mi ò lè bá yín du ú. Ohùn tí mo ní ò tó. Tiyín ló mọ̀. Bó bá tún dá yín lóhùn, Bàbá, ẹ fi ohùn Ìjàn yẹn náà lé e padà sílé fún mi.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó ń bẹ yín lórí ìkúnlẹ̀.