Ìkòkò Tábà Tí Bàbá Kò Parí

Òpópónà Ìsàlẹ̀,
Fossanera,
Calabria, Italy.
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Bélú, 1958.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Nicodemo,

Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Adelaide lọ́hùn-ún? Ìyàwó yín Rosina ńkọ́, ṣé ara rẹ̀ ti mókun lẹ́yìn ìbímọ? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ń mu ọmú dáadáa, ṣé ó ń jẹ́ kí ẹ fojú kan oorun? Ẹ kú ewu ọmọ o. Òkun tí ó wà láàárín wa pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí òwúrọ̀ tí n kò dárúkọ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú àdúrà mi.

Ara èmi le. Bàbá wà láàyè. Mo tètè sọ ìyẹn kí ẹ má baà máa wá a kiri nínú lẹ́tà yìí, nítorí ẹ óò ti rí i pé àdírẹ́sì òkè yìí kì í ṣe ti ilé wa. Ẹ wá ibì kan jókòó sí kí ẹ tó kà á lọ.

Ìkòkò tábà kan ń bọ̀ lẹ́yìn lẹ́tà yìí nínú ọkọ̀ òkun. Ẹ mọ àṣà ilé wa: ọkùnrin tí ó bá di bàbá ọmọ, bàbá rẹ̀ ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ìkòkò tábà fún un. Lọ́jọ́ tí ìròyìn ọmọ dé, Bàbá kò tilẹ̀ parí oúnjẹ rẹ̀. Ó gun òkè àjà, ó ń tú àwọn kókó ara gbòǹgbò igi tí a fi ń gbẹ́ ìkòkò tábà, tí ó ti sè nínú ìkòkò bàbà, tí ó sì ti ń gbẹ ní ibòji láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ó ń fi èékánná lù wọ́n níkọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn sétí. Èyí tí ó mú kò ju ìkúùkù lọ, ìlà ara igi náà sì tò lọ sókè bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yà. Ó ní, "Ti Nico nìyí. Kò ní là, kò sì ní korò lẹ́nu."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni òjò bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ Bàbá Kékeré Fantino, ẹ mọ bí àbúrò Bàbá yẹn ti lágídí tó. Àwọn tí ń ra kókó gbòǹgbò kò yé béèrè sí i, òun náà kò sì yé gbẹ́ ẹ lára òkè tí ó wà lórí òpópónà wa. Ó gbẹ́ ẹ títí ara òkè fi dà bí orí tí wèrè fá. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó kù ní òkè pátápátá, kókó ńlá tí ó ti wà nínú ilẹ̀ kí a tó bí bàbá Bàbá. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé òun ni ó di erùpẹ̀ yẹn mú.

Bàbá pè é, ó ní, "Fantino, fi ọ̀kan yẹn sílẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti di ìyá arúgbó tí ń sá fún ààrá. Ṣé òkè ló máa gbé ẹsẹ̀ wá bá wa nílé ni?"

"Òkè kò lẹ́sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè dúró tó bá ti gbéra."

"Ẹ gbẹ́ ìkòkò yín, kí ẹ jẹ́ kí n gbẹ́ ilẹ̀ mi!" Ó fi dígà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó ń súfèé lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan kò ti rí bí ó ṣe yẹ mọ́. Ilẹ̀kùn ilé wa kò pa dé mọ́. Bàbá fá etí ilẹ̀kùn náà, ó tún há. Omi ìsun tí ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pọ́n bí ìpẹtà, lẹ́yìn náà ó gbẹ, bẹ́ẹ̀ òjò kò dá. Peppa, aládùúgbò wa, ní àwọn ewúrẹ́ òun kọ̀, wọn kò wọ ọgbà wọn. Inú òjò ni wọ́n ń dúró sí, tí wọ́n ń wo òkè. Kò sí ẹni tí ó fẹ́ kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ́. Ohun tí a kò bá dárúkọ, a rò pé kò ní dáhùn.

Bàbá kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi ayùn gé kókó yín, ó fi fáìlì yí i títí ó fi rí bí ìkòkò, ó sì gbẹ́ ihò tí tábà yóò wà. Ó wá ku ihò tí èéfín yóò gbà. Ẹ rántí pé òun ni ó le jù: ìdí ihò tábà gan-an ni ìlu gbọ́dọ̀ yọ sí, bí ó bá yẹ̀ díẹ̀, igi bàjẹ́ nìyẹn. Ó fi ìlu lé e, ó sì dúró.

Ó ní, "Ippolita, bá mi di tábìlì yìí mú. Ó ń gbọ̀n."

Mo dì í mú. Kì í ṣe tábìlì. Ilẹ̀ tí a dúró lé ni ó ń gbọ̀n jẹ́jẹ́, bí ikùn ológbò tí ń sùn. A wo ara wa lójú. Bàbá ti ìlu náà wọlé, ó yọ ọ́, ó fẹnu sí i, ó fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ já geere. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Èmi kò lè rín.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e, Fantino kò wá sí ìsìn. Bí a ti jáde sí ìta ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá wòkè, ó sì rí i níbi kókó ńlá yẹn, tí dígà rẹ̀ ń lọ sókè tí ó ń bọ̀ nílẹ̀. Ojú Bàbá yí padà. Ó ní, "Sáré lọ sí òpópónà. Kó wọn jáde, gbogbo wọn, kí wọ́n lọ sí pápá ìpakà ní òdìkejì." Òun fúnra rẹ̀ dorí kọ òkè, ó ń pe orúkọ àbúrò rẹ̀.

Mo ń fi ìkúùkù lu ilẹ̀kùn. Àwọn kan ń béèrè pé ta ló kú. Peppa ní, "Ọmọ yìí, ọbẹ̀ mi wà lórí iná o!" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó jóná!" Mo fà á lápá jáde bí ẹni fa ewúrẹ́. Ó ṣì ń bú mi nígbà tí a gbọ́ ọ. Kò dún bí ààrá. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn ń fa aṣọ ya, tí aṣọ náà kò sì tán. Mo bojú wẹ̀yìn: àwọn igi ń bọ̀ ní ìdúró, bí èèyàn tí ń rìn.

Bàbá, tí kò tíì dé ibi tí ilẹ̀ ti ya, ní Fantino rí òun. Ó ní kókó náà ti tú, Fantino sì na dígà sókè láti fi kí òun, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ibi tí ó dúró sí kò sí mọ́.

Ilé wa lọ. Ti Peppa lọ, àti gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè òpópónà. Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, a ṣẹ lálẹ́. Ti Bàbá kò dúró dalẹ́. Àbúrò rẹ̀ nìkan ni òkè gbé mì. Ìkòkò yín wà nínú àpò ẹ̀wù Bàbá, nítorí ó mú un lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi àtàǹpàkò ra á bí àlùfáà ti ń wàásù. Ó fi í lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sì béèrè rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo fi sáńpépà ha á, tí mo fi ìwo àgbò ṣe ẹnu rẹ̀, tí mo sì fi ìda oyin pa á. Ibi tí ó wọ́ díẹ̀ lẹ́bàá ẹnu yẹn, ẹ má dá Bàbá lẹ́bi, ọwọ́ mi ni.

Ẹ̀gbọ́n mi, ohun tí mo fi ń kọ̀wé gan-an nìyí. Láràárọ̀ ni Bàbá ń gbé dígà lọ sí òkè láti wú àbúrò rẹ̀. Ẹni tí ó ní kí wọ́n má gbẹ́ ilẹ̀ yẹn ni ó ń gbẹ́ ẹ báyìí. Erùpẹ̀ tí ó ṣẹ́kù gbé kọ́ sí orí Òpópónà Ìsàlẹ̀ tí gbogbo wa sá wá, ó sì ti là lókè ibi tí Bàbá ń gbẹ́. Mo fi ọwọ́ mi bọ inú ibi tí ó là náà dé ìgúnpá. Àlùfáà bẹ̀ ẹ́. Àwọn ọlọ́pàá bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ni àbúrò." Peppa kò kí mi mọ́. Ó ní, "Bàbá ẹ fẹ́ fi wá sin ẹnì kan." Ẹ̀yin ni àkọ́bí, bóyá yóò gbọ́ tiyín. Ẹ má kọ lẹ́tà o, ẹ tẹ wáyà.

Àná ni mo lọ láti mú un sọ̀kalẹ̀. Mo bá a nínú kòtò tí ó mù ún dé àyà. Mo ní, "Bàbá, ó tó."

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Mo ti ń gbóòórùn rẹ̀. Kò jìnnà mọ́."

Mo jókòó sí etí kòtò. Ìkùukùu ń ti ojú òkun bọ̀, ó dúdú nísàlẹ̀ bí ìdí ìkòkò. Mo wo àwọn òrùlé tí ó wà lábẹ́ wa, mo wo ẹ̀yìn Bàbá. Lẹ́yìn náà mo bọ́ bàtà mi, mo sọ̀ kalẹ̀ tọ̀ ọ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kó erùpẹ̀.

Ẹ bá mi kí Rosina, kí ẹ sì fi ẹnu ko ọmọ lẹ́nu fún mi. Ẹ má jẹ́ kí wáyà yín pẹ́.

Èmi àbúrò yín kan ṣoṣo,
Ippolita.