Mo Yẹ Ilé Àwọn Arúgbó Wò

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́

Inú mi dùn bí ọmọdé! Rísí ọmọ mi mú mi lọ wo ilé àwọn arúgbó tó fẹ́ kí n máa gbé ní àdúgbò Angondjé.

"Màámá, ẹ ò rí i bó ṣe mọ́?"

Mo ní ojú lásán kò tó. Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì wọn kan, mo tẹ aago ìpè tó wà níbẹ̀, mo ń ka tẹ̀súbáà. Mi ò tíì ka mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí nọ́ọ̀sì fi sáré dé.

Ṣùgbọ́n balùwẹ̀ wọn ń yọ̀! Mo ní, "Mi ò lè wá ṣubú níbi àlùwàlá. Ẹ kan irin tí mo máa dì mú mọ́ ògiri."

Madámù ọ̀gá wọn kọ ọ́ sínú ìwé. Ọ̀rọ̀ èmi tí mi ò kọjá kíláàsì kejì!

Ó ní wọ́n á ti kàn án tó bá fi di ọjọ́ Jímọ̀, kí n padà wá wò ó. Màá fa irin náà tagbáratagbára. Tí kò bá já, màá kó ẹrù mi wá síbẹ̀.