Ohun Tó Ń Mú Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ Rù

Mafoluku, Oṣòdì,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ẹrẹ́nà.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Orúnkún yín ńkọ́? Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá yín nínú àlàáfíà. Ara èmi àti Bọ́lájí ọkọ mi le, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo la ní, mi ò sì fẹ́ kí ọmọ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé.

Ìmọ́lẹ̀ayọ̀, ọmọ-ọmọ yín, ń rù. Lẹ́yìn ọdún tuntun ni yẹ̀rì ilé-ìwé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí rẹ̀. Mo ní bóyá gíga ló ń ga, ṣebí ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Nígbà tó di ìparí oṣù Èrèlé, mo gbé e sórí ìwọ̀n ní kẹ́míìsì: kílò mẹ́tàlélógún. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà kí Kérésì tó dé.

Ìyá Lateefah, ará ilé wa, ní aràn ni. Mo ra oògùn aràn. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan. Òfìfo sì ni kúlà oúnjẹ ń padà wálé lójoojúmọ́. Ìyá Lateefah wá ń wò mí bíi pé mò ń febi pa ọmọ. Mo bínú sí i, mo sì bínú sí ara mi.

Lọ́jọ́ Wẹ́sidé tó kọjá, òòyì kọ́ ọ lórí ìlà níléèwé, ó ṣubú. Títíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ní ojoojúmọ́ ló ń pín oúnjẹ rẹ̀ fún àwọn ọmọ yòókù. Mo fa ọmọ mọ́ra, mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Mọ́mì, mò ń gbààwẹ̀ ni."

Ẹ rántí ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún tí èmi àtẹ̀yin jọ gbà ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, torí oyún tí mo ti ń wá láti ọdún mẹ́jọ. Ní ìdájí, fóònù á wà lórí sípíkà, ọmọ á wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹ̀yin á ní, "Olúwa, ọmọ kan ò tó, fún un ní òmíràn." Èmi á ṣe àmín. A parí ààwẹ̀, a jẹun. Òun ò dáwọ́ dúró. Ó ní, "Ẹ̀yin ti ń jẹun, Mọ́mì, ọmọ ò sì tíì dé. Mo rò pé Ọlọ́run á tètè gbọ́ tèmi torí mo kéré."

Mo sunkún, Màmi, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ti ṣèlérí pé òun á máa jẹun, àmọ́ tó bá bu búrẹ́dì sẹ́nu, á kọ́kọ́ wojú mi, bí ẹni pé àbúrò tí à ń retí ló ń jẹ. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Ọ̀rọ̀ tèmi ò wọ̀ ọ́ létí mọ́, ẹ̀yin ló gbà gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pè é, kí ẹ sọ fún un pé ọmọ kan tó. Bí ẹ bá ṣì ń gbàdúrà oyún fún mi, mo dúpẹ́, àmọ́ ẹ má ṣe é létí ọmọ tí mo ní.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Olúfọlákẹ́.

Àfikún: Ó jẹ ìrẹsì lálẹ́ yìí, ó jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ó bi mí bóyá òun lè fi ìdajì yòókù gbààwẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la kí ẹ tó pè é.