Ìyá Ẹlòmíràn Ni Mò Ń Wẹ̀ Fún

Ẹ̀gbọ́n mi Oleta,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ọ́rẹ́gọ̀n, ẹ̀yin àti ọkọ yín? Colby ọmọ mi ti wọ ilé ìwé. Màmá ń jẹun, ẹsẹ̀ nìkan ni ò gbé wọn.

Ẹ gbọ́ ná: agbowó-orí ní owó tí ìjọba ń dá padà fún olọ́mọ ò tọ́ sí mi, torí owó tí mo pa lọ́dún tó kọjá kéré jù; olọ́mọ tó bá ṣiṣẹ́ gbowó tó pọ̀ tó nìkan ni wọ́n ń fún. Mo ní, "Màmá tí mò ń wẹ̀ fún lójoojúmọ́ ńkọ́?" Ó ní ìyá ẹni kì í ṣe iṣẹ́.

Ó dáa! Mo ti ń wẹ̀ fún ìyá Dreama aládùúgbò wa, Dreama sì ń sanwó fún mi. Òun náà ń wẹ̀ fún Màmá, mo ń san iye kan náà. Kí wọ́n wá sọ pé kì í ṣe iṣẹ́!

Ẹ ṣáà bá mi bẹ Màmá. Wọ́n ní Dreama mọ ẹ̀yìn fọ̀ jù mí lọ. Wọ́n ní bí mo bá fẹ́ padà máa wẹ̀ fún àwọn, kí n wá tọrọ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín.

Àbúrò yín,
Twyla