Àgbébọ̀ Tó Kọjú Ìjà sí Yàkúbù

Daddy Ràhmát, ẹ má ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn fáwọn ọmọ o! Láàárọ̀ yìí, Yàkúbù fẹ́ gbé òròmọdìyẹ kan, ni àgbébọ̀ yẹn bá fò mọ́ ọn, ó fẹnu sọ ọ́ lápá. Kí n tó débẹ̀, Ràhmát ti dúró síwájú àbúrò ẹ̀, ó na ìgbálẹ̀ sí adìyẹ náà: “Tóò bá jẹ́ ká fọwọ́ kan ọmọ ẹ, ìwọ náà ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àbúrò mi!”

Ni àgbébọ̀ bá kó àwọn ọmọ ẹ̀ sá lọ. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí.

Apá Yàkúbù ò bó, mo ti fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Mo ti fi apẹ̀rẹ̀ tòmátì dé adìyẹ náà tìyá-tọmọ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé, ẹ fún wọn lómi. Ẹ má bínú pé mi ò jí yín, mo ti wà lọ́jà Mile 12.

Ẹ má sì gbé ọ̀bẹ o. Ràhmát ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa á, pé ìyá gidi ni.

Mummy Ràhmát