Àísì Tó Gbàgbé Ọ̀rọ̀ Inú Rẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá mi. Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú àfojúsọ́nà wa. Ẹ bá mi kí bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Manchester níbí. Ṣé ẹ̀gẹ́ ọ̀nà Lálúpọn ti ta? Ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́? Òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ tiwa rárá, òjò sì ń rọ̀ wẹliwẹli láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé irú àlòkù wo ni mò ń tún ṣe, ṣé àwọn òyìnbó ò lè ra tuntun ni. Ẹ̀rín ni mo fi dá yín lóhùn lọ́jọ́ náà. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Bàbá arúgbó kan gbé kọ̀ǹpútà kan tó dàgbà jù mí lọ wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Orúkọ ni tọmọdé tàgbà ń pe bàbá yìí níbí. Ẹnu mi kọ̀ ọ́, ni mo bá ń pè é ní Bàbá. Ó kọ́kọ́ wò mí sùn-ùn, nígbà tó yá, ó ń dáhùn. Ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé ló ń fi kọ̀ǹpútà náà ya àwòrán nígbà ayé rẹ̀, àwọn àwòrán ọ̀hún ò sì lè jáde lórí ẹ̀rọ ìwòyí. Bàbá ní ohun tó kù fún òun lára ìyàwó òun nìyẹn. Kọ̀ǹpútà sì rèé, ojú rẹ̀ ṣú dùdù.

Mo tú u. Káàdì tó ń gbé àwòrán sójú rẹ̀ ni kò jí, bẹ́ẹ̀ kò jó, kò ṣẹ́. Àṣé nǹkan dúdú kékeré kan ló wà lára rẹ̀, àísì là ń pè é, ẹsẹ̀ rẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi ti ọ̀kùn. Inú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí, ọ̀rọ̀ tó ń sọ fún káàdì, nígbàkígbà tí iná bá dé, ohun tó jẹ́ àti iṣẹ́ tí wọ́n dá a fún. Ọjọ́ ti pẹ́, ọ̀rọ̀ náà ti ṣá. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ ní Ajíbọ́dè ni mo ti rí èyí tí iná pa, mo ti rí èyí tí omi pa. Mi ò rí èyí tí ìgbàgbé pa rí.

Ọ̀gá mi ní ká dá a padà fún bàbá, pé kò sí irú ẹ̀ lọ́jà mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo wá a títí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àfi bí mo ṣe rí ẹnì kan ní ìlú mìíràn tí irú káàdì náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti da gbogbo ọ̀rọ̀ inú tirẹ̀ kọ kó tó ṣá, ó gbé e síta fún ẹni tó bá nílò rẹ̀. Kò mọ̀ mí, kò mọ bàbá. Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú àísì tuntun tó ṣófo, mo rọra yọ ti àtijọ́, mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń ṣe é, torí bí ibi tó jókòó sí bá ya, ó parí nìyẹn.

Mo tan iná. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú fúngbà díẹ̀, ni ọ̀rọ̀ funfun kan bá jáde: káàdì ń pe orúkọ ara rẹ̀! Ìyá mi, orí mi wú. Nígbà tí àwòrán dé, bàbá fúnra rẹ̀ ni ìyàwó yà, ó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin, ó di ṣọ́bìrì mú nínú ọgbà. Bàbá fọwọ́ kan án. Ó ní àṣé bí òun ṣe rí lójú ẹ̀ nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró ti ibùsùn ọmọ mi, mo ní kí n kì í bí ẹ ṣe máa ń kì wá ká tó lọ sílé-ìwé. Mo ní, Àbẹ̀kẹ́. Ó lajú, ó ń wò mí lẹ́nu. Èyí tó kàn ò wá. Ibí ni wọ́n bí ìyàwó mi sí, òun náà ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ mọ oríkì ilé wa dópin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kì í, kí àbúrò mi gbà á sórí fóònù. Ẹ má kánjú, ẹ má fo ìkankan.

Ọlọ́run yóò bá wa dá yín sí, ẹ ó jẹun ọmọ kalẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará agboolé, àgbà àti èwe. Àbẹ̀kẹ́ ń retí ohùn yín.

Èmi ni ọmọ yín,
Gbóyèga