Ẹni Mẹ́jọ Wọ Omi, Ẹni Mẹ́jọ Jáde

Ẹja, ọmọ mi,

Ṣé ara le, àbí kí n kọ́kọ́ kí ejìká rẹ kí n tó kí ìyókù? Omi kò ní gbé ọ lọ, ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ilẹ̀ yóò gbà ọ́. Àwa náà wà bí a ṣe ń wà. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ, ó sì jókòó tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi kí n má baà kọ ìkọkúkọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ̀wé kà. Ewúrẹ́ wa bí méjì. Ọkọ̀ mi ń jò níwájú, àwọn èrò ló ń bá mi gbọ́n omi jáde, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò dúró.

A gbọ́ ohun tí o sọ fún ìyá rẹ lórí fóònù, pé dókítà ní kí o fi ejìká sinmi, pé olùkọ́ yín ti fi ọmọbìnrin mìíràn sí ipò rẹ, àti pé ojú ń tì ọ́ láti wálé nítorí pé gbogbo wa la rí i pé ìwọ lo kẹ́yìn nínú ìdíje ìlúwẹ̀ẹ́ náà. Láti ìgbà yẹn, o ò gbé fóònù mọ́. Ìyá rẹ kì í sùn dáadáa. Èmi ń sùn, ṣùgbọ́n ó ní mò ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Òótọ́ ni pé a wò ó. Nínú fóònù télọ̀ la ti wò ó, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, gbogbo wa fún mọ́ra wa láàrin ẹ̀rọ ìránṣọ àti aṣọ oníbàárà tí kò tíì rán. Mo rí omi yín. Ó mọ́ ju omi inú àmù lọ, wọ́n tilẹ̀ fa ìlà sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ má baà ṣìnà, mo sì ní àwọn ìjọba yìí náà ń gbìyànjú. Ìyá rẹ ní aṣọ tí wọ́n fún yín kéré, bóyá aṣọ tán lọ́wọ́ wọn ni. Télọ̀ ní bí o bá lè fi ìwọ̀n rẹ ránṣẹ́, òun á rán èyí tó lápá, tó sì ní àpò, fún ọ.

Ẹ bẹ́ sómi. Ẹ dé èbúté òdìkejì, ó yẹ kí ẹ sọ̀kalẹ̀, gbogbo yín bá tún yí padà. Mo ní kí ni wọ́n gbàgbé? Télọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo ní ọmọ tèmi kọ́, láti kékeré ló ti ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀ lé ọkọ̀ mi, tó bá sì ti sọdá, ó máa ń bá mi pe èrò kí a tó padà ni. Ta ló ń sọdá odò, táá padà láì gbé ẹnikẹ́ni? Ẹnu ìyẹn ni mo wà tí orí rẹ wọ abẹ́ omi, tí àwòrán náà sì dúró gbagidi. Orí rẹ kò jáde. Ìyá rẹ so aṣọ mọ́dìí, ó ní kí télọ̀ ṣí fóònù náà kíákíá, èmi sì ti di àjẹ̀ mi mú. Télọ̀ ń pariwo pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ọmọ mi sílẹ̀. Ọkùnrin kan wà létí omi níbẹ̀ tó fi fèrè kọ́rùn, kò tilẹ̀ mira. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn dùn mí títí di òní.

Nígbà tí àwòrán tún rìn, tí orí rẹ yọ, gbogbo ṣọ́ọ̀bù hó yèè. Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún. Mo ka orí yín. Ẹni mẹ́jọ wọ omi, ẹni mẹ́jọ ló jáde. Nínú iṣẹ́ tiwa, kò sí máàkì mìíràn ju ìyẹn lọ, wọ́n sì ń kí mi kú oríire títí mo fi délé. Nítorí náà, n kò mọ ìtìjú tí ò ń wí. Pé o kẹ́yìn? Ta ló máa ń kẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀? Èmi náà ni. Kò sí èrò tó tíì pè mí ní ọ̀lẹ nítorí ẹ̀.

Àmì ẹ̀yẹ tí o kọ́kọ́ gbà, ní ọdún tí olùkọ́ eré ìdárayá rí ọ lódò tó sì mú ọ lọ sí ìlú ńlá, mo ti so ó mọ́ iwájú ọkọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba wá béèrè ìwé àṣẹ ọkọ̀, àmì ẹ̀yẹ náà ni mo fi hàn án. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó wo ojú mi, ó ní kí n máa lọ. O rí i pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́, wọn kò sì lè fi ìyẹn fún ọmọbìnrin mìíràn.

Ní ti ejìká, ara kì í ṣe òkúta. Ọkọ̀ tó bá ń jò, a kì í dáná sun ún, ṣe la máa ń fà á gòkè, a ó dojú rẹ̀ dé lábẹ́ igi kó gbẹ. Bóyá wàá tún lúwẹ̀ẹ́ o, bóyá o ò ní lúwẹ̀ẹ́ mọ́, èmi ò mọ̀. Ọmọ mi ni ọ́ kí o tó mọ omi.

Ọ̀dà tí a fi ń dí ọkọ̀ ti wọ́n. Bí owó díẹ̀ bá wà, fi í ránṣẹ́ sínú fóònù télọ̀, ṣùgbọ́n kìlọ̀ fún owó náà kó má lọ dúró lójú ọ̀nà bí àwòrán yẹn. Bí kò bá sí, má yá owó. Fi èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ra òògùn, kí o fi ìyókù wọkọ̀ wálé. Ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Ìyá rẹ ti sá ẹní rẹ sóòrùn.

Apá rẹ kò ní rọ. Ohun tí o bá dì mú kò ní bọ́. Ọ̀nà yóò là fún ọ láti ibẹ̀ dé etí odò. Bí o bá sì dé òdìkejì, mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ bọ́ bàtà kí o bẹ́ sómi. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Jókòó sórí ẹrù rẹ, kí o pè mí. Èmi ni n ó gbé ọ sọdá.

Bàbá rẹ.